A Kò Rà Á Rí, Síbẹ̀ Wọ́n Gbà Á Lọ́wọ́ Wa

Láti Dọ̀pẹ̀mú dé Ẹgbẹ́dá, ojú ọ̀nà Akówọnjọ ní Èkó kún fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Pátákó iwájú wọn ló ń ròyìn iṣẹ́ inú wọn: káàdì ìpè ìgbéyàwó, bánà, sítíkà, pósítà òkú àgbà, jọ́tà tí wọ́n ń há lóde àríyá. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ sópin, tí òde Sátidé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, oníbàárà kì í jókòó mọ́. Ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló máa dúró sí, tí yóò máa nàka sójú kọ̀ǹpútà. "Bọ̀dá, ẹ gbé orúkọ màmá wa sókè díẹ̀ sí i." "Ẹ jẹ́ kí gèlè yẹn hàn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́!" Bọ̀dá náà kì í wo kíbọọ̀dù kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ti mọ ọ̀nà. Kí àǹtí tó sọ̀rọ̀ tán, orúkọ màmá ti gòkè, gèlè ti yọ.

Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà lè jẹ́ CorelDRAW X3 tó jáde lọ́dún 2006, tàbí X7 ti ọdún 2014. Bó bá jẹ́ fọ́tò ni wọ́n ń tún ṣe, Photoshop CS3 tàbí CS6 ni. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n tí wọn kò fi lo tuntun. Irọ́ ni. Ìdajì iṣẹ́ wọn kì í parí sí Akówọnjọ. Ṣómólú tàbí Muṣin ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá bíi Kord 64 àti GTO ti ń sáré tọ̀sán tòru. Ẹni tó ń ṣe plate níbẹ̀ lè máa lo Corel tó dàgbà ju tiwọn lọ. Fáìlì tí a bá fi Corel tuntun ṣe kì í ṣí nínú ti àtijọ́, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ máa bá pàdé ní Ṣómólú ni pé, "Version wo lo fi séèfù ẹ̀?" Bó bá dáhùn tí kò tọ́, ó di kó padà sílé pẹ̀lú flash lọ́wọ́, kó lọ fi í sí version kékeré, kó tún wọ ọkọ̀ padà. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá dá tuntun lò láàrin àwọn tó ń lo àtijọ́ ló máa jìyà rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 2013 ni nǹkan yí padà fún gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí Akówọnjọ. Lọ́jọ́ náà, níbi àpéjọ ọdọọdún tí ilé-iṣẹ́ Adobe tó ni Photoshop ń pè ní Adobe MAX, nílùú Los Angeles, wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe Creative Suite (CS) mọ́. CS6 tó ti jáde lọ́dún 2012 ni yóò jẹ́ ìkẹyìn. Láti ìgbà náà lọ, Creative Cloud ló kù: owó oṣooṣù, kí o máa wọlé pẹ̀lú àkáǹtì rẹ, kí ẹ̀rọ rẹ máa jíhìn fún ẹ̀rọ tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá san dọ́là 699 fún Photoshop CS6 ti sanwó tán. Ó lè lò ó títí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi kú. Lọ́dún 2013 yẹn, gbogbo irinṣẹ́ wọn di dọ́là 49.99 lóṣù. Oṣù tí o kò bá san, fáìlì rẹ ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n dáwọ́ títa CS6 dúró pátápátá.

Ariwo sọ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú lórí íntánẹ́ẹ̀tì lé ní 30,000. Àwọn ayafọ́tò ló pariwo jù, nítorí pé Photoshop nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nílò, wọn kò sì rí ìdí tí wọ́n fi máa sanwó títí ayé. Adobe fún wọn ní ètò kékeré kan, dọ́là 9.99 lóṣù, láti fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 wọ́n ti ìyẹn náà mọ́ àwọn oníbàárà tuntun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ó ní Adobe fi owó ìtanràn pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ kí ọdún tó pé. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀: owó tó ń wọlé fún Adobe lọ́dún 2013 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 dọ́là, lọ́dún 2024 ó ti lé ní bílíọ̀nù 21. Ta ló máa rí irú èrè bẹ́ẹ̀ tí yóò fetí sí ẹ̀hónú?

Àwọn àgbà ti sọ tiwọn: aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò bá fún un lápá, a ṣo ó létan, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ohun tó bí àwọn ará Amẹ́ríkà nínú gan-an nìyẹn. Ohun tí wọ́n rà di ohun tí wọ́n ń yá.

Àmọ́ kí a má fi ẹkún ẹlòmíì sun tiwa. Ayafọ́tò tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú ní Amẹ́ríkà ti sanwó tirẹ̀. Ní Akówọnjọ, ta ló sanwó? Síídì láti Computer Village ní Ìkẹjà ni. Ọ̀gá ra síídì kan, ó fi sínú ẹ̀rọ mẹ́rin; ọmọ iṣẹ́ gba freedom, ó gbé síídì náà lọ síbòmíràn; ẹ̀gbọ́n kan wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú flash tó kún fún crack tó ń ṣí sọ́fítíwìa láìsanwó, ó gba owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹgbẹ́ BSA, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwìa kó jọ, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2017 pé nínú 100 sọ́fítíwìa tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, 80 ni kò ní láísẹ́ǹsì.

Lójú òfin, olè ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kò fi èyí pamọ́ rárá, n kò sì ní fi àlàyé bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ olè náà ló kọ́ni níṣẹ́. Ọmọ tí kò rí owó ilé-ìwé gíga san, tó jáde sẹ́kọ́ńdírì lánàá, ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tó ń wo bó ṣe ń gé fọ́tò, tó ń dúró de alẹ́ kí iná dé kó lè gbìyànjú tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, bíi ti télọ̀ àti ti mẹkáníìkì, ó sì bọ́ àwọn ilé púpọ̀ láti Ṣáṣá dé Ìkọ̀tún. Ilé-iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ náà kò pàdánù pátápátá nínú rẹ̀: ìran kan odindi dàgbà tí kò mọ irinṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí tiwọn, tó sì jẹ́ pé orúkọ tiwọn ló fi ń pe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní báńkì àti ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó wá ń wá òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ síídì yìí ni wọ́n rí gbà.

Ilẹ̀kùn yẹn ni cloud ń tì. Crack ti àwọn tuntun ṣì wà káàkiri, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ti pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń gbé kòkòrò wọlé, tó sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya bánà náà ni wọ́n fi ń ṣe tíráńsífà ní báńkì. Ẹni tó bá gbọ́n dúró síbi tó wà, lórí CS6. Ẹ̀rọ rẹ̀ wá ń gbó lábẹ́ rẹ̀: Microsoft fi Windows 7 sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ó fi Windows 10 náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Kò sí àtúnṣe ààbò mọ́ àyàfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò ti Windows 10. Kọ̀ǹpútà "London use" tí wọ́n bá rà lọ́la á dé pẹ̀lú Windows 11, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé sọ́fítíwìa ọdún 2012 máa bá a gbé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, nítorí pé ibẹ̀ ni oníwàásù tó ń sọ pé "kí wọ́n kúkú sanwó" máa ń dákẹ́. Lọ́dún 2013, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi Náírà 160 lọ. Creative Cloud lóṣù jẹ́ nǹkan bíi Náírà 8,000, owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù sì jẹ́ Náírà 18,000. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó ń rí iṣẹ́ ṣe lè gbìyànjú. Nígbà tó di ọdún 2024, iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà ti di dọ́là 59.99, dọ́là kan sì ti wọ Náírà 1,500 lẹ́yìn tí ìjọba tú Náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi Náírà 90,000 lóṣù kan. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n sún owó oṣù tó kéré jù dé Náírà 70,000. Irinṣẹ́ ẹnì kan, fún oṣù kan, ju owó tí òfin ní kí a san fún òṣìṣẹ́ fún oṣù kan lọ. Epo jẹnẹrétọ̀ tó lé ní Náírà 1,000 lítà kan lọ́dún 2024 kò tíì sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dátà tí àjọ NCC tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ẹni tó bá tilẹ̀ ní owó náà, ọ̀nà wo ni yóò gbà san án? Lọ́dún 2022, àwọn báńkì wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tí káàdì Náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, kí púpọ̀ nínú wọn tó wá tì í pa pátápátá. Dọ́là 20 kò tó owó Creative Cloud. Àwọn ọ̀dọ́ sá lọ sí káàdì dọ́là orí fóònù, òmíràn nínú ìyẹn náà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn báńkì kan padà ṣí ọ̀nà náà lọ́dún 2025, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti pinnu pé àwọn kò wá a mọ́. Ẹni tí kò ní owó àti ẹni tí owó rẹ̀ kò lè kọjá ẹnubodè, ibì kan náà ni wọ́n jọ dúró sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Kì í ṣe òótọ́ pé sọ́fítíwìa Creative Cloud kò lè ṣiṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Inú kọ̀ǹpútà rẹ ló ṣì ń gbé. Ẹni tó bá san ètò ọdún kan lè fi tó ọjọ́ 99 ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ náà lọ jíhìn. Fáìlì tó wà lórí cloud kì í jóná nígbà tí iná bá dé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, olè kì í gbé e pẹ̀lú láptọ̀ọ̀pù nínú ọkọ̀. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí hard disk kan lè kú pẹ̀lú iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá nínú, kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ta sọ́fítíwìa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà gbọ́dọ̀ jẹun. Èmi kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n fẹ́ owó.

Ohun tí mo bá wọn jà sí ni pé cloud jẹ́ kí ọwọ́ wọn lè wọ inú iṣẹ́ tí o ti ṣe parí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn tó ń lo Photoshop ṣí fáìlì wọn àtijọ́, wọ́n sì rí i pé àwọ̀ ti di dúdú. Àríyànjiyàn owó láàrin Adobe àti ilé-iṣẹ́ Pantone tó ni àwọn àwọ̀ náà ló fà á. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ rẹ̀ padà san nǹkan bíi dọ́là 15 lóṣù fún Pantone lọ́tọ̀. Ẹ fojú inú wo káàdì ìgbéyàwó tí ìdílé kan yan àwọ̀ aṣọ ẹbí wọn sí, tí ẹ ṣí i lọ́dún kejì láti fi tẹ ti àbúrò ìyàwó, tó jẹ́ dúdú ló ń wò yín. Ẹni tó ń lo CS6 tirẹ̀ ní Akówọnjọ kò rí dúdú kankan. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó jí i gbé ṣe dáadáa ju ẹni tó sanwó lọ. Bí òfin bá jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé nǹkan kan ti wọ́.

Ti Venezuela burú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Adobe sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà pé àwọn máa pa àkáǹtì wọn nítorí òfin ìjẹníyà tí Ààrẹ Amẹ́ríkà ṣe lòdì sí ìjọba wọn, àti pé kò sí owó tí wọ́n máa dá padà. Ariwo pọ̀, wọ́n yí ohùn padà lórí owó náà. Kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n gba ìyọ̀ǹda ìjọba Amẹ́ríkà pé kí iṣẹ́ máa lọ. Àwọn ará Venezuela bọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, ayàwòrán tí kò mọ nǹkan kan nípa òṣèlú ń retí ọjọ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ máa kú nítorí ìjà àwọn ààrẹ. Lọ́dún 2014 náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ àkáǹtì Creative Cloud kú fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ, tí ìwé ìròyìn Daily Mail ti Ìlú Ọba kò fi rí ẹ̀dà orí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé jáde.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà létí Abidjan. Báńkì ń kọsẹ̀, ojú fóònù ń yí lásán. Iṣẹ́ ń lọ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán lójú ọ̀nà Akówọnjọ, nítorí pé ohun tí wọ́n ń lò kò mọ̀ pé òkun wà.

Kì í ṣe ti ayàwòrán nìkan. Àwọn oníṣirò owó tó kọ́ṣẹ́ lórí Peachtree ti rí i tó di Sage 50. Àwọn tó sá sí QuickBooks ti orí kọ̀ǹpútà náà rí i tí Intuit dáwọ́ títa ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ fún oníbàárà tuntun dúró ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó ń darí wọn sí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ibùgbé ayérayé: Intuit kó QuickBooks kúrò ní Íńdíà pátápátá lọ́dún 2023, ó ní kí àwọn oníbàárà kó ìwé ìṣirò wọn jáde.

Àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀bù ti bá ibòmíràn lọ ní tiwọn. Canva àti PixelLab ni wọ́n fi ń ṣe flyer lórí fóònù, wọ́n á parí rẹ̀ kí ọ̀gá tó tan jẹnẹrétọ̀. Ó yá, ó sì dára fún WhatsApp. Ìṣòro rẹ̀ dé nígbà tí ó bá dé iwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: àwọ̀ ojú fóònù kì í ṣe àwọ̀ inú yíǹkì, aró tó ń tàn bí iná lójú fóònù á jáde bí aró tó ti ṣá. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú á ní kí wọ́n lọ tún un ṣe ní CMYK, àwọ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ̀. Ọmọ náà á béèrè kí ni CMYK. Ìmọ̀ tí ọ̀gá kó jọ fún ogún ọdún ló ń ṣubú sílẹ̀ láàrin CS6 tó ń kú àti Canva tí kò bìkítà. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ kò rọrùn. Inkscape, GIMP àti Scribus wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Affinity, tí Canva rà lọ́dún 2024, di ọ̀fẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ àkáǹtì Canva. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá sọ di ọ̀fẹ́ lónìí, ó lè fi owó lé e lọ́la. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn dúró ni ọwọ́ tó ti mọ Corel, àti Ṣómólú tó ṣì ń béèrè version. Bí àwọn ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi PDF ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, tí ilé ìtẹ̀wé náà sì ń gbà á, ìbéèrè version á tán, ọmọ iṣẹ́ á sì lè fi irinṣẹ́ tó bá wù ú kọ́ṣẹ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí tábìlì kí wọ́n tó tún kó owó ẹgbẹ́ jọ fún ohun mìíràn. Ìjọba Èkó tó ń ná owó lórí ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọ̀dọ́ lè kọ́ wọn ní Inkscape dípò kí ó máa kọ́ wọn ní ohun tí wọn kò ní rówó san.

Ọ̀kan wà tí kò lè dúró de ìpàdé. Microsoft Publisher, tó ti wà láti ọdún 1991, tí àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fi ń ṣe ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì àti ìwé ẹ̀rí ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, Microsoft ti dá ọjọ́ ikú fún un: oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù Microsoft 365 kò ní lè fi í ṣí fáìlì Publisher rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tó ní Publisher àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì lè máa lò ó láìsí àtúnṣe. Microsoft fúnra wọn ló ní kí a sọ àwọn fáìlì náà di PDF tàbí Word. Ẹ̀yin tí ẹ ní ètò ìsìnkú, ìwé ẹ̀rí àti lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì àwọn oníbàárà yín lóríṣiríṣi nínú fólídà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ wọ́n di PDF, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sínú hard disk tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín.